Àmì Abẹ́ Ẹ àti Ọ

Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Lẹ́tà tí àwọn míṣọ́nnárì mú wá kò ju márùn-ún lọ. Báwo ni a ó ṣe kọ méjì tó kù?

Ìlú Freetown ni ìṣòro yìí ti kọ́kọ́ yọjú, láàárín àwọn Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ọ̀kan nínú wọn, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó. Crowther ni alága. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fìdí àmì abẹ́ lẹ́tà múlẹ̀.

Nínú ilé ni àǹfààní rẹ̀ ti hàn jù. Ohùn kan náà ni owó àti ọwọ́ ní. Àmì abẹ́ nìkan ló yà wọ́n. Ètè wà lẹ́nu gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tọrọ ẹ̀tẹ̀. Kí òbí pe fáwẹ́lì ní ṣókí, kó má fà á, kí ọmọ sì máa wo ẹnu rẹ̀: ẹnu ń là fún ọ ju o lọ.

Lónìí, ọ̀pọ̀ wa ń kọ Yorùbá sórí fóònù láìfi àmì sí i. Àgbà á fi òye gbé e. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé kò tíì ní òye yẹn. Ohun tó bá rí ni yóò pè. Nítorí tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì náà sí i.