Nígbà Tí Ọ̀nà Dí, Wọ́n Kọ́ Ìlú Sínú Yàrá

Iwájú, ẹ̀yìn, òsì, ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ní èdè àwọn ará Jàpáánì, Zengo Sayu lẹ máa sọ, òun náà sì lorúkọ ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí Howard Rose àti Mark Billinghurst ṣe ní nǹkan bí ọdún 1995, ní Yunifásítì Washington nílùú Seattle, l'Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé awò ńlá kan wọ̀ sójú, ògiri kíláàsì á pòórá, ó di inú yàrá kan ní Jàpáánì. Tó bá fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀, á gbọ́ orúkọ nǹkan náà ní èdè wọn. Tóun náà bá sọ ọ́ lẹ́nu pé kí nǹkan kan kúrò níbí bọ́ sí ọ̀hún, ẹ̀rọ á gbọ́, á sì gbé e. Ìyẹn tó bá pè é dáadáa o.

Ọgbọ̀n ọdún rèé. Lónìí tí gbogbo èèyàn ń pariwo VR bí ẹni pé àná ni wọ́n bí i, ó dáa ká mọ̀ pé irú awò bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 1968, nígbà tí Ivan Sutherland ṣe ọ̀kan tó wúwo débi pé òkè àjà ni wọ́n so ó kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú awò ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀nà tó dí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ èdè. Wàá lọ bá àwọn tó ni ín, wàá bá wọn gbé, wọ́n á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, títí ebi á fi kọ́ ẹ ní orúkọ oúnjẹ. Kò sí yunifásítì tí kò mọ èyí. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀nà ibẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà ṣí. Ní ọdún 1943, ogun ló dí i. Ìjọba Amẹ́ríkà nílò àwọn ọmọ ogun tó gbọ́ èdè Jàpáánì, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí ṣọ́jà lọ gbé ní Tokyo kó lọ kọ́ èdè. Wọ́n bá kó wọn lọ sí yunifásítì káàkiri, wọ́n pín wọn sí agbo kéékèèké, wọ́n mú ẹni tó ni èdè wá síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí rẹpẹtẹ. Èèyàn ni ẹ̀rọ ìgbà yẹn.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n mú èèyàn kúrò, wọ́n fi téèpù rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà ju Sputnik sójú ọ̀run ní 1957, ara Amẹ́ríkà ò gbà á mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣòfin tó dá owó sórí ẹ̀kọ́ èdè, yàrá téèpù sì kún yunifásítì wọn: kálukú nínú àpótí tirẹ̀, gbohùngbohùn létí. Yorùbá náà ò gbẹ́yìn. Ní 1963, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé Yoruba Basic Course jáde, Earl Stevick àti Ọláléye Àrẹ̀mú ló kọ ọ́, téèpù sì bá a rìn. Iṣẹ́ gidi ni ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n téèpù ò lójú. O lè jókòó sí Washington kó o máa kí i ní ẹ káàárọ̀ láago mẹ́ta ọ̀sán, kò ní sọ fún ẹ pé ọ̀sán ti pọ́n. Á kàn máa yí lọ ni.

Ohun tí wọ́n wá ń wá láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ tó máa dáhùn. Ní Brigham Young, wọ́n ṣe Montevidisco, fídíò tó mú akẹ́kọ̀ọ́ rìn nínú ìlú kan ní Mẹ́síkò, tí àwọn ará ìlú ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti MIT, À la rencontre de Philippe, tí Gilberte Furstenberg wà nídìí ẹ̀. Ọ̀rẹ́bìnrin Philippe ti lé e jáde, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbé ní Paris. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ lo máa bá a wá a. Wàá ka ìpolówó ilé nínú ìwé ìròyìn, wàá gbọ́ ohùn tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí fóònù, wàá lọ wo yàrá. Bí ìtàn náà ṣe máa parí, ọwọ́ ẹ ló wà. (Ẹni tó bá ti bá ejẹ́ǹtì wálé rí l'Ékòó mọ̀ pé kò sí ìdánwò èdè tó le tó ìyẹn.) Àwòrán inú ẹ̀ ò tó ti awò òde òní rárá, àmọ́ ó ní ohun kan tí púpọ̀ nínú tòde òní ò ní: ẹnì kan wà níbẹ̀ tó nílò ẹ.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan Nàìjíríà nìyí, kò sì sí awò kankan nínú ẹ̀. Láyé ìgbà kan, ẹni tó bá ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì wa máa ń lọ lo àkókò kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́: ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, Dakar, tàbí Lomé ní Tógò. Ní 1985, dọ́là kan ò tó náírà kan. SAP dé ní 1986. Nígbà tó fi máa di 1991, dọ́là kan ti ń sún mọ́ náírà 10. Ọ̀nà dí. Ọdún 1991 yẹn gan-an ni ìjọba dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, l'Àgbádárìgì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá láti yunifásítì tó bá wù ú, kó máa sùn níbẹ̀, kó máa jẹun níbẹ̀, Faransé sì ni òfin. Ẹ wò ó dáadáa: kí ló tún kù tí a ń pè ní VR? Wọ́n gbé ilẹ̀ kan sínú ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣe bí ẹni pé òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wà nítòsí, ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé gidi, tí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu sì wà lódì kejì. Kódà, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu àti Sákẹ́tẹ́ níbẹ̀, Faransé ni wọ́n fi ń kàwé. Abúlé náà ní ìlú lẹ́yìn.

Ẹ fi wé ti Ngala. Ìjọba kọ́ irú rẹ̀ fún èdè Lárúbáwá síbẹ̀, ní Borno, lẹ́bàá ẹnubodè Kamẹrúùnù, láàárín àwọn Ṣúwà tí Lárúbáwá jẹ́ èdè abínibí wọn. Ibi tó dáa jù nìyẹn ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 2014, Boko Haram ya wọ Ngala, wọ́n sì gba ìlú náà. Ọ̀nà dí sí ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ọ̀nà tó dí.

Nígbà tí kòrónà ti gbogbo ẹnubodè pa ní 2020, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè sá sí ni Zoom, àwọn kan sì tún gbé awò jáde. Ó ti dọjà nígbà yẹn. Facebook ti fi bílíọ̀nù 2 dọ́là ra Oculus láti 2014. Ọdún kan náà ni Google gbé Cardboard jáde, awò onípáálí tí wọ́n ń ki fóònù bọ̀, kí tálákà náà lè rí i. Wọ́n tún ṣe Expeditions lé e fún àwọn ilé ìwé, wọ́n sì pa á tì ní 2021. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kíláàsì lé irú ẹ̀rọ báyìí, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Síbẹ̀, mi ò bá àwọn tó ń bú awò lọ, nítorí Yorùbá. Téèpù ń gbọ́ ohùn, fídíò ń fi àwòrán hàn, awò yìí ló kọ́kọ́ mọ ibi tí orí àti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ìkíni wa ò sì parí sẹ́nu. Ọmọkùnrin tó bá sọ pé ẹ káàárọ̀ láìdọ̀bálẹ̀ kò tíì parí gbólóhùn. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tó wá ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, lè mọ ìyàtọ̀ "o" àti "ẹ" nínú ìwé, kí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ má sì mọ̀ ọ́n. Awò lè rí i pé orí rẹ̀ ò lọọlẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ ká ní a ṣe Zengo Sayu tiwa, tí akẹ́kọ̀ọ́ ní kí ọkọ̀ bọ́ sí ọ̀tún, tó wá pè é ní ọkọ, tàbí ọkọ́, tàbí ọ̀kọ̀. Kí ni ẹ̀rọ máa gbé? Ẹ̀rọ tí ò gbọ́ àmì ohùn máa kọ́ ọmọ náà pé kò ṣe nǹkan kan. Ohùn tí a máa fi kọ́ ẹ̀rọ, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ló wà, n'Ibàdàn, n'Ífẹ̀, ní Kétu, ó sì yẹ kí wọ́n gbowó rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ti Àgbádárìgì. Ìrìn-àjò òkè òkun ni wọ́n fi abúlé yẹn rọ́pò nígbà tí owó ò sí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Faransé sì kàwé tán láì kọjá ibẹ̀. Tí yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà bá ra awò ogún, ṣé wọ́n ṣì máa sanwó bàlúù ẹnì kan wá s'Ibàdàn? Tí wọn ò bá sì ní wá mọ́, ó kéré tán, kí wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé èèyàn gidi sínú yàrá náà. Títí di òní, mi ò tíì rí yàrá Yorùbá kan nínú awò tí màmá inú rẹ̀ máa dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró, kó bi í pé ọmọ ta ni, tó fi ń kí àgbà lóòró.