Kenny Washington, Agbábọ́ọ̀lù tí Wọn Ò Tètè Pè

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1918 ni wọ́n bí Kenny Washington sí ìlú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀, Edgar, tí wọ́n ń pè ní Blue, gbá baseball, ó sì ṣeré nínú fíìmù, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Ìyá àgbà àti Rocky, arákùnrin bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́pàá, ni wọ́n tọ́ ọmọ náà dàgbà.

Yunifásítì UCLA ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sá tàbí kí wọ́n jù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ikọ̀ kan sì ní láti fi gba yáàdì 10. Washington mọ eré í sá, ó sì mọ bọ́ọ̀lù í jù. Lọ́dún 1939, nígbà tí òun, Woody Strode àti Jackie Robinson jọ wà nínú ikọ̀ kan náà, yáàdì 1,370 ló gbà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó gbà tó bẹ́ẹ̀.

Níparí sáà náà, UCLA pàdé ikọ̀ yunifásítì USC ní pápá ìṣeré Coliseum, èrò sì lé ní 100,000. UCLA sún mọ́ ilà ilé USC gan-an. Àwọn agbábọ́ọ̀lù dìbò láàárín ara wọn bóyá kí wọ́n ta bọ́ọ̀lù gba àárín òpó tàbí kí wọ́n jù ú. Wọ́n jù ú, USC gbá a dànù. Òmì 0-0 ni, ìdíje Rose Bowl sì bọ́ lọ́wọ́ UCLA. Síbẹ̀, bí Washington ṣe ń jáde kúrò lórí pápá, ariwo àtẹ́wọ́ gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n NFL, líìgì ńlá àwọn tó ń gbá a gba owó, kò pè é, torí adúláwọ̀ ni. Láti 1934 ni adúláwọ̀ kankan kò ti sí níbẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé òfin kankan, ìmọ̀ àwọn onílíìgì ṣáà ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Washington gba ọ̀dọ̀ Hollywood Bears lọ, ní líìgì kékeré ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń ṣe ọlọ́pàá mọ́ ọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ, agbábọ́ọ̀lù wọ́n ní NFL débi pé Pittsburgh àti Philadelphia pa ikọ̀ wọn pọ̀ lọ́dún 1943. Chicago Bears tilẹ̀ pe Bronko Nagurski padà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì láti 1937. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì rí àyè, adúláwọ̀ tó ṣì wà lágbára kò rí i.

Owó orí ló wá ṣí ilẹ̀kùn náà, kì í ṣe ìfẹ́. Lọ́dún 1946, Rams, ikọ̀ NFL kan, kó kúrò ní Cleveland wá sí Los Angeles, wọ́n sì fẹ́ máa lo Coliseum, pápá tí owó gbogbo ìlú kọ́. Akọ̀ròyìn adúláwọ̀ kan, Halley Harding, dìde níwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó pápá náà, ó ní kò tọ́ kí ikọ̀ tó ń lé adúláwọ̀ sẹ́yìn lo ohun tí owó orí àwọn náà wà nínú rẹ̀. Rams gbà. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ni Washington tọwọ́ bọ̀wé, Strode sì tẹ̀ lé e. Ó ku ọdún kan kí Robinson tó wọ líìgì ńlá baseball.

Ẹni ọdún 27 ni nígbà náà, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún. Síbẹ̀, lọ́dún 1947, ó gbé bọ́ọ̀lù sá ní yáàdì 92 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú Chicago Cardinals, ó sì gbé e kọjá ilà ilé wọn. Ó fẹ̀yìn tì níparí sáà 1948, ó sì kú lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1971, ní ẹni ọdún 52.