Ooru, Èéfín àti Ipá: Bí A Ṣe Lè Fi Yorùbá Sọ̀rọ̀ Bọ́ílà Èédú

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí èédú líle ti pọ̀ nínú ilẹ̀, àwọn ilé kan ṣì wà tó jẹ́ pé èédú ni wọ́n fi ń mú inú ilé móoru nígbà òtútù. Bọ́ílà onírin ńlá kan wà ní yàrá abẹ́ ilé. Iná èédú ń jó nínú rẹ̀, omi inú rẹ̀ ń hó, ohun tó ń jáde lára omi híhó náà ń gba inú páìpù gòkè lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń mú yàrá gbóná, ó ń padà di omi, omi náà sì ń ṣàn padà sínú bọ́ílà láìsí ẹ̀rọ tó ń tì í. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń to irú páìpù bẹ́ẹ̀ kò ní jìnnà tí yóò fi kọsẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a máa ń fi pe nǹkan méjì tí oníṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀. Èrò mi ni pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ohun yòówù tí ọwọ́ oníṣẹ́ ń yà sọ́tọ̀, ẹnu rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lè yà á sọ́tọ̀.

Ẹ wo ohun tó ń jáde lára omi híhó yẹn. Ooru ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é. Ooru náà la tún ń pe ohun tó ń mú wa lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú ilé ìdáná, èyí kò dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni gbogbo iṣẹ́ bọ́ílà dúró lé. Nígbà tí omi bá ti ń hó, iná tí a ń dá sí i kò tún mú un gbóná sí i mọ́. Sísọ omi di nǹkan mìíràn ni iná náà ń ṣe. Agbára iná tó ń sọ omi híhó di ohun tó ń fò lọ yìí ju ìlọ́po márùn-ún èyí tó gbé omi náà láti inú tútù bíi yìnyín dé orí híhó. Ẹrù yẹn ni páìpù ń gbé gòkè, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú yàrá nígbà tí ó bá padà di omi. Bí a bá wá sọ pé “ooru náà ti sọ ooru rẹ̀ kalẹ̀”, ta ni yóò yé? Ohun tí mo fara mọ́ ni kí a pe ti inú páìpù ní ooru omi, kí a má sì gé omi kúrò lára rẹ̀ láé, kí a wá pe ohun tó ń rù ní ìgbóná. Àwọn àgbà lè fà sẹ́yìn díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ìgbóná wà lára orúkọ tí wọ́n ń pe àrùn ṣànpọ̀nná, orúkọ tí a kì í pè gbàù. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo lẹ́nu kí ó tó níyì. Àwọn tó ń wa èédú kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn awakùsà Pennsylvania ń ya èédú sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n, ohun jíjẹ ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ: ìrẹsì lorúkọ èyí tó wẹ́, ẹyin lorúkọ èyí tó tóbi, ẹ̀wà tútù àti èso inú èèpo sì wà láàárín wọn. Orúkọ wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣì fi ń ta èédú títí dòní. Àwa náà ní ọ̀nà tiwa, ara èèyàn ni a sì sábà máa ń wò. Ojú irin, ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàtà, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó dá wọn. Nítorí náà, ihò kékeré tó wà lára irin tó ń mú yàrá gbóná, imú ni kí a pè é. Nígbà tí bọ́ílà bá tutù, afẹ́fẹ́ ló kún inú páìpù. Bí ooru omi bá ti ń bọ̀, imú yìí ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, tí ìgbóná bá sì ti kàn án, á pa ara rẹ̀ dé. Bí ẹni tó ń kun ilé bá fi ọ̀dà dí imú náà, afẹ́fẹ́ kò ní rí ibi gbà, irin náà yóò sì tutù bí òkúta bí iná ìsàlẹ̀ tiẹ̀ ń jó wìì. Irin ọ̀hún fúnra rẹ̀, amúlémóoru ni mo pè é. Dígí gbọọrọ tí a fi ń mọ ibi tí omi bọ́ílà dé, dígí ìwomi ni. Ní ti páìpù, fáàfù, gééjì àti bọ́ílà, wọ́n ti di tiwa lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Àdánù àkókò ni kí a máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò wọn.

Nǹkan kan wà tí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ ló yẹ ẹ́. Bí ilẹ̀ yàrá bá rì díẹ̀, tí amúlémóoru onípáìpù kan kò sì dà sí ọ̀nà ibi tí omi yóò gbà padà mọ́, omi á dúró sínú rẹ̀, ooru omi á sì gbá omi náà mọ́ irin tagbáratagbára, tí ilé yóò máa dún gbàgà gbàgà lóru. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá gbé e bọ̀ wá bó ṣe wà, yóò di “òòlù omi”, ọmọṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òòlù. “Omi ń gbá páìpù” ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ti sọ ibi tó yẹ kí a wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ mú jù lọ ni ìsàlẹ̀ bọ́ílà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1905, bọ́ílà ilé iṣẹ́ bàtà kan bú gbàmù ní Brockton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì pa èèyàn 58. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin bọ́ílà. Bọ́ílà inú ilé kéré sí ìyẹn, ipá tó wà nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan: òpin tí wọ́n fún un ni pọ́ùn 15 lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í lò tó pọ́ùn méjì. Omi tó ń gbẹ nínú rẹ̀ ló ń bani lẹ́rù jù. Bí páìpù ìpadà, èyí tí omi ń gbà padà sínú bọ́ílà, bá jò, omi bọ́ílà lè tibẹ̀ ṣàn tán, kí iná sì máa jó lórí irin gbígbẹ. Ní ọdún 1919 ni ilé iṣẹ́ adójútòfò bọ́ílà tó wà ní Hartford gbé ọgbọ́n kan jáde: kí páìpù ìpadà kọ́kọ́ gòkè dé nǹkan bí íǹṣì méjì sí mẹ́rin sísàlẹ̀ ààlà omi, ìyẹn ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé nínú bọ́ílà, kí ó tibẹ̀ wọ inú páìpù mìíràn tó so òkè bọ́ílà pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tí ipá ooru omi fi dọ́gba lókè nísàlẹ̀. Bí ìpadà bá wá jò, omi kò lè lọ sílẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti pàdé. Páìpù tó ń mú ipá dọ́gba yẹn, amúdọ́gba ni. Ibi ìpàdé náà, ọrùn Hartford, kí orúkọ ìlú tó ti wá má bàa sọnù. Ààlà omi sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí iná èédú kò dà bí iná gáàsì tí a lè pa lójú ẹsẹ̀. Bí a tiẹ̀ ti sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Mo lo ipá níbi tí àwọn kan ì bá ti lo ìfúnpá. Ìfúnpá dára fún ẹ̀jẹ̀, torí apá ni nọ́ọ̀sì ń dì, ṣùgbọ́n bọ́ílà kò ní apá tí a ó fún. Mo sì ti rò ó wò bóyá kí a pe fáàfù tó ń tú ipá sílẹ̀ nígbà ewu ní “atúpá”, mo sì fi í sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kì í sábà ní àmì ohùn. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn láìsí àmì, àtùpà ni yóò kà. Fáàfù ààbò kò lè ṣini lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a máa fi ojú yìí wo gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun, pàápàá ọ̀rọ̀ tí ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní: kí ni ti Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ òtútù? Èédú kò ṣàjèjì sí wa. Ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ti Enugu, òun ni ọkọ̀ ojú irin sì jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé New York náà ń sùn nínú ilé tí ooru omi ń mú gbóná. Ẹlòmíràn á ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé dá kò kúrò nínú ìwé, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń lò lójoojúmọ́ kì í kú. Kí a gbé ọ̀rọ̀ lọ fún ẹni tó di páìpù mú. Èyí tí ó bá ju sílẹ̀, kí a jẹ́ kó lọ.

Ọ̀kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ dúró dè, ìyẹn ni èéfín. Ọ̀pọ̀ ló ń pe ooru omi ní èéfín, torí méjèèjì ń fò lókè ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pa ẹbí tó sùn mọ́jú. Ohun tó pa wọ́n kò ṣeé rí, kò sì lóòórùn. Ibi tí iná kò bá ti rí afẹ́fẹ́ tó ló ti ń wá. Èédú líle ṣòro láti fura sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Ẹni tí a bá kọ́ pé èéfín ni kí ó ṣọ́ra fún yóò wo yàrá abẹ́ ilé, yóò rí i pé ó mọ́ kedere, yóò sì lọ sùn. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a pè é ní afẹ́fẹ́ olóró, kí a má fi èéfín kún un rárá. Ìwé tí a bá lẹ̀ mọ́ bọ́ílà yẹ kí ó sọ ọ́ báyìí: ẹ má ṣe dí ọ̀nà èéfín, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń kígbe afẹ́fẹ́ olóró sítòsí ibi tí ẹ ń sùn, bí bọ́ílà bá sì ti gbẹ tó pọ́n, ẹ má bu omi sí i.