Ọjọ́ Àìkú Kan Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Shooting ní Ìbàràpá

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán ní Pákò, ní Igbó-Ọrà, nígbà tí bàbá mẹ́káníìkì tí mo lọ bá yí rédíò wọn sókè. Ọjọ́ Àìkú kan nínú sáà bọ́ọ̀lù 2024/2025 ni, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn sì ń gbàlejò ní pápá Adámásìngbà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ mọ bí ìròyìn ẹgbẹ́ náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tí kì í ṣe ará Ìbàdàn, àti ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Láti àárọ̀ ni mo ti wà pẹ̀lú wọn, mo sì bá àwọn tó ń lọ sí pápá wọkọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Igbó-Ọrà lẹ́yìn tí a lọ, àwọn tó jókòó ti rédíò ló rò ó fún mi lálẹ́, mo sì bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ètò eré ìdárayá ìdájí náà gùn. Wọ́n sọ ti Arsenal, wọ́n sọ ti Chelsea, wọ́n dárúkọ agbábọ́ọ̀lù Manchester City tó fẹsẹ̀ ṣèṣe, wọ́n sì sọ ìgbà tó máa padà sórí pápá. Nígbà tí ètò fẹ́ẹ́ parí ni wọ́n tó mẹ́nu kan Shooting: ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà ní 1976 máa wọ pápá lónìí, ó sì ti ń jí padà. Wọn ò fi nǹkan kan lé e.

Bàbá dín ohùn rédíò kù. "Ẹ̀yin náà gbọ́ o. Ta ni aṣọ́lé wa lónìí? Ta ni ara rẹ̀ ò yá? Wọn ò sọ. Ti ìlú òyìnbó ni wọ́n mọ̀."

Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ní 1976, orí rédíò ọ̀gá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ife yẹn. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó gbà á, Muda Lawal ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí pé iṣẹ́ mẹ́káníìkì ni òun náà ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ẹ má rò pé bàbá yìí kórìíra ìtàn àtijọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ìtàn náà ti gba ipò ìròyìn.

Aago méje

Ìyá oníàkàrà kan ní Igbólé, ọmọ Shooting gidi, sọ tiwọn bí wọ́n ṣe ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo gbígbóná. Ìgbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní pápá nìkan ni ọmọ wọn máa ń fi àwòrán Adámásìngbà hàn wọ́n lórí fóònù. "Tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù ire, mi ò ní rí i. Tí ẹnìkan bá ju òkò lu rẹfirí, gbogbo ayé á rí i." Oníbàárà kan ní kí wọ́n má gbèjà jàǹdùkú. Wọ́n ní àwọn ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ti òkò, kí ẹ kọ ti góólù náà.

Aago mẹ́sàn-án

Ọkọ̀ kún. Àwọn kan ti Ìdèrè wá, àwọn kan ti Àyétẹ̀. Ọkọ̀ ò tíì kúrò nílùú tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, mo sì jẹ́ kó lọ bó ṣe fẹ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Àyétẹ̀, ló ka ìwé ìtàn fún wa láìsí ìwé lọ́wọ́. IICC lórúkọ ẹgbẹ́ náà nígbà náà. Ní 1976 wọ́n ṣẹ́gun Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ tí Roger Milla ń gbá bọ́ọ̀lù fún, wọ́n sì gba ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Best Ogedegbe wà lẹ́nu ilé, Samuel Ojebode wà lẹ́yìn, Muda Lawal wà láàárín, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Kúnlé Awẹ́sù wà níwájú. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gba líìgì. Wọ́n tún gbà á ní 1980, 1983, 1995 àti 1998. Zamalek ti Íjíbítì gba ife àwọn ọ̀gá ní Áfíríkà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1984, nígbà tí Rashidi Yekini ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nínú ẹgbẹ́ Shooting, Zamalek sì tún gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú pẹ́nárítì ní 1996. Láàárín méjèèjì, ní 1992, wọ́n gba ife CAF nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ìdíje náà sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Igbó-Ọrà dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Wọn ò tíì bí mi ní 1998. Shooting tí mo mọ̀ ni èyí tó já sí ìpele kejì ní 2017, tó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, tó padà wá ní 2021. Ta ló kọ ọdún mẹ́rin yẹn?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn kíákíá. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ kan wà ní ìpele kejì, ó ń rin ọ̀nà jíjìn lọ gbá bọ́ọ̀lù níbi tí kámẹ́rà kò sí, ó ń pàdánù, ó ń gbìyànjú. Ọjọ́ tó padà sókè, àwọn oníròyìn ní ó ti jí. Bí ẹnìkan bá jí, kí ló ṣe é tó fi dùbúlẹ̀? Ta ló tọ́jú rẹ̀? Oògùn wo ló lò? Dímẹ́jì Lawal, ọmọ Super Eagles tẹ́lẹ̀, ni alákòóso àgbà ní sáà yẹn. Gbénga Ògúnbọ̀tẹ̀ ti ṣe kóòṣì wọn. Kí ni wọ́n yí padà? Àwọn ọmọ Shooting tó wà nínú ọkọ̀ yẹn mọ èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ka ìròyìn tó dáhùn ìbéèrè yìí rí.

Tíṣà gbà. Wọ́n tún fi kún un pé àwa ará Ìbàràpá ló yẹ kí ó tètè yé jù, nítorí ohun tí àwọn oníròyìn ń ṣe fún Shooting náà ni wọ́n ń ṣe fún wa. Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Làǹlátẹ̀, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà, Ìgangan. Bí oníròyìn bá dé Igbó-Ọrà, ìbejì tí wọ́n fi mọ ìlú náà àti ọbẹ̀ ìlasa ló máa béèrè. Ẹni tó wá lọ́dún tó kọjá béèrè rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ máa béèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọlu Ìgangan ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ẹ̀mí ṣòfò, kámẹ́rà kún ibẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ń tún ilé kọ́, tí wọ́n ń padà sóko, kámẹ́rà ti lọ. Ọdún yẹn gan-an ni Shooting padà sókè. "Ayọ̀ kan, ìbànújẹ́ kan," ni tíṣà wí, "ìyẹn nìkan ni wọ́n ń wá gbé. Bí a ṣe ń gbé láàárín méjèèjì kò kàn wọ́n."

Aago mẹ́wàá ààbọ̀

Ní Èrúwà a gbé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Pólì Adeseun Ogundoyin. Fóònù rẹ̀ ló ń fi ya fídíò bọ́ọ̀lù, ó ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru oníròyìn. SuperSport ń gbé líìgì wa sórí tẹlifíṣọ̀n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àdéhùn yẹn parí, òkùnkùn ló ṣú. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó gbé áàpù jáde tí èèyàn fi ń wò ó lórí fóònù, kí StarTimes náà tó dé ní 2023. Ìwé ìròyìn náà ò rówó fi rán èèyàn lọ sí Gombe tàbí Maiduguri.

Ìyẹn rán tíṣà létí ìwé ìròyìn Daily Sketch. Ìbàdàn ni Sketch wà, Ìbàdàn ni Shooting wà, oníròyìn sì lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánrawò. Sketch ló ni Gbóhùngbóhùn, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Tápà lè rí ìwé ìròyìn kà. Ernest Okonkwo ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò lédè Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì pe Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical" tí gbogbo wa fi ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Sketch ti kú, Okonkwo ti kú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn èèyàn sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí mo fẹ́ sọ sókè. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni Shooting Stars, òun náà ló ni BCOS, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí ọwọ́ kan náà bá ti di ẹgbẹ́ mú tó sì tún di rédíò mú, ó le fún oníròyìn láti béèrè bóyá owó oṣù wọlé. Ẹ wo Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́. Ìlú yẹn kò tóbi, Kúnlé Ṣónámẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ náà, ọdún kan náà tí Shooting padà wá sókè, 2021, ni wọ́n jọ wọlé. Ní òpin sáà tí mò ń sọ yìí, Remo ló gba líìgì. Ẹgbẹ́ náà ń ròyìn ara rẹ̀. A ò rí kí ẹnikẹ́ni ní Ìkẹ́nnẹ́ máa dúró de ìtàn àtijọ́.

Aago kan ọ̀sán

A dé Adámásìngbà, pápá tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Olóyè Lékan Sàlámì sọ. A jẹ àmàlà, a ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìlù ti ń dún, fèrè ti ń ké, òòrùn mú.

Aago mẹ́rin

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Àlejò tó wá láti apá Àríwá ti ẹnu ilé wọn pa, wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Nínú pápá, ohun tí mo rí ni ẹgbẹ́ tó ní sùúrù. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń gba bọ́ọ̀lù fún ara wọn, wọn ò sáré gbá a lọ sọ́run. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa ń ya fídíò, ó sì ń dárúkọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lédè Yorùbá. Mo wo àyè tí àwọn oníròyìn jókòó sí: àwọn tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀.

Aago márùn-ún

Ní Pákò, èèyàn ti pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mẹ́káníìkì. Kọmẹntétọ̀ ń sọ ọ́ lédè Yorùbá, ó sì dùn, gbogbo wọn ló jẹ́rìí sí i. Abala kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí aago márùn-ún ṣe lù, iléeṣẹ́ rédíò ní kí a máa bá wọn bọ̀, ó kan ìròyìn. Ìròyìn náà bẹ̀rẹ̀: ẹni tí mínísítà gbà lálejò, ẹni tó ṣe ọjọ́ ìbí. Ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí tẹ̀ lé e. Ọmọdékùnrin kan tan fóònù rẹ̀ láti wo bọ́ọ̀lù náà, dátà rẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n padà sí pápá, kọmẹntétọ̀ ń pariwo pé Shooting ṣì ń léwájú.

"Ṣì ń léwájú? Ìgbà wo ni wọ́n jẹ ẹ́?"

Bí àwọn èèyàn Igbó-Ọrà ṣe pàdánù góólù nìyẹn. Wọ́n yọ̀, ṣùgbọ́n bàbá sọ fún mi lálẹ́ pé ayọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ẹlòmíì kì í tó lẹ́nu. Wọ́n dúró kí kọmẹntétọ̀ tún un sọ bó ṣe wọlé. Ó sọ ọ́, ó sì fi Ọdẹ́gbàmí wé ẹni tó jẹ ẹ́ kó tó sọ ẹsẹ̀ tó fi gbá a.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́

A ò dúró jó. Ọ̀nà Ìdó sí Èrúwà kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń fi òru rìn mọ́, gbogbo ará Ìbàràpá ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ń lọ, wọ́n ń bọ̀, mi ò sì tíì rí ìwé ìròyìn kan tó kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ Ìbàdàn ní èèyàn tó ń fi ẹ̀mí wewu nítorí rẹ̀ láti ìlú méje.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

A bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ka ohun tó jáde lórí fóònù: Shooting ti jí padà. Àwòrán tí wọ́n fi síbẹ̀, ti àwọn ọmọ 1976 ni.

Àwọn ọ̀dọ́ bínú, wọ́n fẹ́ kí a máa yin ẹgbẹ́ náà. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀ yẹn, mo sì sọ fún wọn. Ìyìn kò ní gbé Shooting dúró. Bí oníròyìn bá kọ ọ́ pé owó oṣù pẹ́, pé kóòṣì ṣì yan, ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ náà ni, kí á má bú u. Èmi ti rí ibi tí àwọn ọmọlẹ́yìn ti bú irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí tó fi dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì padà já sí òótọ́.

Bàbá ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà bá àwọn kọ ìwé sí iléeṣẹ́ rédíò, kí ó kọ ọ́ lórúkọ gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: kí wọ́n ka orúkọ àwọn mọ́kànlá tó máa gbá bọ́ọ̀lù kí aago mẹ́rin tó lù, kí wọ́n sọ ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, kí ìròyìn aago márùn-ún dúró títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè. Ìyá oníàkàrà ní kó fi kún un pé kí wọ́n wá oníròyìn kan sí Ìbàràpá lọ́jọ́ tí kò sí ọdún ìbejì. Ó kọ ọ́, ó kà á fún wọn sókè, bàbá sì ní kí ó yọ "ẹ jọ̀ọ́" tó wà ní ìparí kúrò.