Láti ìwé pélébé inú páálí oògùn dé WhatsApp: Bí ìmọ̀ nípa asthma ṣe rìn dé ọwọ́ aláìsàn ní Nàìjíríà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn káàkiri Nàìjíríà. Ó ní kí àwọn èèyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn Ebola má baà ràn wọ́n.

Kí oṣù náà tó dé ìdajì, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún náà, WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti fi hàn pé fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń gbà gbọ́ kí wọ́n tó rí dókítà. Fún ẹni tó ní asthma, tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń pè ní COPD, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn nìkan. Ojoojúmọ́ ni.

Nígbà tí kò sí fóònù

Ọdún 1956 ni inhaler alátẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Ventolin, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn mọ̀ mọ́ àwọ̀ búlúù, jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1969.

Oògùn yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn kàn ń gbé mì. Aláìsàn máa mì ín, á mí èémí síta, á fi ètè di ẹnu rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rọra fa èémí sínú, á sì dá èémí dúró fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ láì fa èémí, ẹnu àti ọ̀fun ni èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn náà máa dúró sí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé pélébé inú páálí sábà máa ń fi ṣàlàyé èyí. Ẹni tí kò bá lè kà á, àfi kí nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn fi hàn án.

Fóònù dé

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tó fi wọ ọ̀rọ̀ ìlera. Ní Ghana, mPedigree tí Bright Simons dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹni tó ra oògùn fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè bóyá ojúlówó ni. Lọ́dún 2010, àjọ NAFDAC gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Nàìjíríà: èèyàn á họ ara páálí, á sì fi nọ́ńbà tó bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìlọsíwájú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí fóònù ń dáhùn nígbà náà kò ju bóyá oògùn jẹ́ ayédèrú tàbí ojúlówó. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ìgò ike àti gọ́ọ̀mù

Ìmọ̀ tó wúlò wà níta. Lọ́dún 1999, àwọn dókítà ní South Africa tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet. Wọ́n rí i pé ìgò ike 500ml, tí wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀ láti ki ẹnu inhaler bọ̀ ọ́, lè ran ọmọdé tí asthma gbé dìde lọ́wọ́ bíi ti èyí tí wọ́n ń tà.

Àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ibi tí inhaler àti ìgò ti pàdé. Nígbà tí wọn kò dí i, iṣẹ́ rẹ̀ dín kù. Ẹni tó bá gé gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn kúrò nínú fídíò kò pa irọ́, síbẹ̀ ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Nígbà tí ìmọ̀ràn yí padà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inhaler búlúù nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹni tí asthma tirẹ̀ kò le ń lò. Lọ́dún 2019, GINA, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú asthma jáde, ní kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má ṣe gbára lé e nìkan mọ́, torí kì í wo wíwú inú ọ̀nà èémí. Ó ní kí oògùn tó ń wo wíwú náà wà nínú ìtọ́jú wọn.

Ohun tí wọ́n ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọdún náà kò parẹ́. Ẹni tí kò bá wo ọdún lè máa tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà ti pa tì.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GSK tó ń ta Ventolin kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Owó inhaler gbówó lórí, àyè sì túbọ̀ ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó ń polówó àgbo àti èéfín "ìwòsàn" lórí ẹ̀rọ ayélujára.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tí èémí há mọ́ láyà kò ní ogún ọdún láti fi dúró. Kó tó tẹ̀lé ohun tó wà lórí fóònù, ó yẹ kó mọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún tí wọ́n kọ ọ́, àti bóyá ọjà ni ẹni náà ń tà. Lẹ́yìn náà, kó gbé fóònù ọ̀hún lọ fún apoògùn tàbí nọ́ọ̀sì, kí wọ́n jọ wò ó.