Bí Àwọ̀ Eérú Ṣe Wọ Inú Fọ́ọ̀mù

Ẹni tí ó bá dé Marabadiassa, ní agbègbè Bouaké ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí ó sì béèrè ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà lọ́wọ́ àwọn tí ń sọ èdè Júlà, yóò gbọ́ pé Maraba ni wọ́n ń pe Haúsá, àti pé ọgbà igi tí àwọn ará ìgbàanì fi ń yí ìlú ká nítorí ogun ni diassa. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìlú ṣe ń pa ìtàn àwọn àlejò mọ́. Àwa Yorùbá náà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yẹn, níbi tí wọ́n ti ń pè wá ní Ànàgó, nítorí àwọn ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògìyán, ti sọ ọ̀nà ibẹ̀ di ọ̀nà oko láti ayé àwọn baba wọn. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí mo ń bá ìyá àgbà kan, ará ilé wa, kún fọ́ọ̀mù ìwé ìgbélùú lórí fóònù. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà, wọ́n sì ti tì wọ́n pa, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wọn kọ. Lórí fóònù ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà hàn ketekete. Lórí iPhone tèmi, ó ṣá di àwọ̀ eérú, bí aṣọ tí oòrùn ti pa lára ní ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta. Ìyá gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé wọn kò kọ orúkọ mi síbẹ̀ ni?” Ìgbà tí a bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò ni a tó rí i pé wọ́n kọ ọ́, àti pé wọ́n fo lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ àwọ̀ eérú yìí ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde ní ọdún 1984, dúdú àti funfun nìkan ni ojú rẹ̀ mọ̀. Bí àṣẹ kan kò bá wúlò ní àkókò kan, àwọn oníṣẹ́ á yọ àwọn tóótòòtó inú lẹ́tà rẹ̀ kúrò ní ọ̀kan-ṣíṣẹ́-ọ̀kan, ojú á sì rí i bí eérú. Ọgbọ́n rere ni, nítorí kò sí ẹni tí ó nílò láti ka àṣẹ tí kò ṣeé lò. Nínú Windows 95, lẹ́tà irú bẹ́ẹ̀ dà bí èyí tí a fín sára igi, tí òjìji funfun wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni ẹgbẹ́ W3C, tí ń ṣe òfin fún ojú ewé ayélujára, fi ọ̀rọ̀ méjì kún òfin fọ́ọ̀mù nínú HTML 4.0, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé bẹ́ẹ̀. Èkíní ni disabled, tí ó ti àpótí ọ̀rọ̀ pa pátápátá, débi pé a kì í fi ohun inú rẹ̀ ránṣẹ́. Èkejì ni readonly, tí ó jẹ́ kí a kà á, kí a sì fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí a yí i padà. Nípa bí ohun tí a tì pa yóò ṣe rí lójú, ìwé òfin náà fi í sílẹ̀ fún aṣàwákiri kọ̀ọ̀kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Aṣàwákiri kọ̀ọ̀kan wá gba ọ̀nà tirẹ̀. Internet Explorer fi àwọ̀ eérú tirẹ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì gbọ́ràn sí ẹni tí ó bá kọ àwọ̀ mìíràn. Firefox lo GrayText, àwọ̀ tí CSS2, òfin ìrísí ojú ewé, dárúkọ ní ọdún 1998, tí ó máa ń ti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá. Ti WebKit, ẹ́ńjìnnì tí Safari gùn, tí Chrome náà fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, ló jinlẹ̀ jù: ó ń gba àwọ̀ tí oníṣẹ́ yàn, ó ń fi í wé ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí lẹ́tà bá dúdú ju ẹ̀yìn lọ, a mú un mọ́lẹ̀ sí i, bí ó bá mọ́lẹ̀ jù ú lọ, a rẹ̀ ẹ́ dúdú, àfi bí àyípadà náà yóò bá sọ ọ̀rọ̀ di àìríkà, nígbà náà ni yóò fi í sílẹ̀. Lórí iPhone, wọ́n tún dín gbogbo àpótí náà kù sí ìdá méjì nínú márùn-ún agbára rẹ̀. Aláró mọ irú èyí: a lè gún elú kan náà, kí a sẹ́ omi eérú kan náà sínú ìkòkò méjì, kí aṣọ ọ̀kan dú bí kóró iṣin, kí ti èkejì máa hàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n aláró a máa na aṣọ sóòrùn wò kí ó tó kó o fún oníbàárà.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti ọdún 2008. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, òfin WCAG 2.0, tí ẹgbẹ́ W3C ṣe kí gbogbo ènìyàn lè lo ojú ewé, pàṣẹ pé kí ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ tó ìlọ́po 4.5, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa lè kàwé. Ó sì yọ ohun tí a tì pa sílẹ̀. Ó jọ pé wọ́n rò pé ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn, a kò nílò láti rí i. Àṣẹ inú Macintosh ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu, kò bá orúkọ ìyá àgbà mu.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe fọ́ọ̀mù lónìí máa ń kọ ìlà mẹ́ta láti fi bọ́ lọ́wọ́ eérú yìí: color fún àwọn tó kù, -webkit-text-fill-color fún Safari, àti opacity tí a dá padà sí 1. Ṣùgbọ́n readonly ti wà nínú ìwé láti ọdún 1997, kì í sì í ṣá lórí iPhone. Bí ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù ọjọ́ náà bá ti lò ó, Ìyá ì bá ti rí lẹ́tà tí wọ́n fò kí a tó dìde lọ sábẹ́ igi máńgòrò.