Ipa Olùwòye Ọmọ Ìbílẹ̀ Nínú Ìtàn Ẹyẹ Malimbus ibadanensis

Ìfáárà

Ohun tí ayé mọ̀ nípa ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n kò lè ju ohun tí àwọn tó ń wò ó bá kọ sílẹ̀ lọ. Èyí hàn nínú ìtàn Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà tí a sọ lórúkọ ìlú Ìbàdàn. Dúdú ni ìyẹ́ rẹ̀, pupa sì wà ní orí àti àyà akọ. Inú igbó gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n dájú, ewu ìparun sì wà lórí rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ Àkọsílẹ̀

Ọdún 1951 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ ṣe alábàápàdé ẹyẹ yìí. J. H. Elgood, olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní 1958. Ní 1964, a dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀ di Malimbus ní 1979. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí i nígbà náà jẹ́ òyìnbó tí iṣẹ́ gbé wá, tí wọn yóò sì padà sílé. Ìròyìn ẹyẹ náà wá ṣọ̀wọ́n gidigidi kí a tó tún rí i ní 1987, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń di oko, oko ń di ilé. Kò rọrùn láti mọ̀ bóyá ẹyẹ ló ń tán ni, tàbí olùwòye ló ti tán.

Ìkọ́ni Ọmọ Ìbílẹ̀

Ní 2001, a dá ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Jos, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó àjọ Leventis. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ dé ojú ìwọ̀n oyè kejì. Ní 2005, Shiiwua Manu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí bí pípín igbó sí wẹ́wẹ́ ṣe ń ṣàkóbá fún ẹyẹ Ìbàdàn yìí. Láti 2015 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń fi fóònù ṣàkọsílẹ̀ ẹyẹ káàkiri Nàìjíríà: a pín ilẹ̀ sí abala abala, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ìfẹ́ nìkan kò tó olùwòye. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wọ́n, owó ọkọ̀ dé ẹ̀bá igbó kò kéré, kíkọ́ láti dá ẹyẹ yìí mọ̀ láàárín àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n jọra sì ń gba àkókò. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé ìtòsí igbó ló lè wò ó tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kọ́, ohun èlò àti owó iṣẹ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò. Ipa olùkọ́ sì wà níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ láti ya ẹ̀gà sọ́tọ̀ kúrò lára ológoṣẹ́, tó sì ń kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i sílẹ̀, ti di olùwòye. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò sí nígbà tí ìròyìn ẹyẹ Ìbàdàn dá.